Kí ẹ tó ra ilé ní Sugar Land

Ẹ̀yin tọkọtaya tí ẹ fẹ́ kó kúrò ní Chicago wá sí Texas, mo ti ka ìbéèrè yín. Ẹ ní wọ́n sọ fún yín pé ìlú tuntun ni Sugar Land tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston, pé kò ní ìtàn kankan, pé ilé-ìwé ibẹ̀ dára, pé omi kì í sì í wọ ibẹ̀ nítorí òkìtì erùpẹ̀ tí wọ́n fi sé odò. Ẹ wá ń béèrè bóyá ọmọ Yorùbá lè fi ibẹ̀ ṣe ilé. Èmi àti ọkọ mi ti tọ́ ọmọ dàgbà níbẹ̀. A ti san owó orí ilé tó le, a ti di ẹrù sínú mọ́tò nítorí omi, a sì ti jókòó níwájú ìgbìmọ̀ tó ń díye lé ilé láti bá wọn jiyàn. Mo fẹ́ràn ìlú náà tọkàntọkàn. Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún yín, ọ̀rọ̀ ilé-ìwé nìkan ni mo lè fọwọ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ilẹ̀ náà ni ẹ fẹ́ jẹ gbèsè ọgbọ̀n ọdún lé lórí.

Odò Brazos ló sọ ibẹ̀ di ibi tí èèyàn ń dù. Odò ńlá ni, ó máa ń kún kọjá bèbè rẹ̀, tó bá sì fà padà, ilẹ̀ tó lọ́ràá ló máa ń fi sílẹ̀. Nígbà tí Texas ṣì wà lábẹ́ Mexico, Stephen F. Austin kó àwọn aláwọ̀ funfun wá tẹ̀dó sí agbègbè náà, akọ̀wé rẹ̀, Samuel May Williams, sì gba ilẹ̀ létí Oyster Creek. Ìdílé Williams gbin òwú, wọ́n gbin ìrèké, nígbà tó sì di 1843 wọ́n ti ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún ìrèké. Ọdún yẹn ni iléeṣẹ́ Imperial Sugar máa ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Àwọn ẹrú ló ń gé ìrèké náà. Kí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1861, àwọn ẹrú tó wà ní Fort Bend, ìyẹn káńtì tí Sugar Land wà nínú rẹ̀, ti pọ̀ ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ.

Ibí yìí kàn wá gan-an. Láàárín àwọn ọdún 1830, àwọn oníṣòwò ẹrú bíi Monroe Edwards ń lọ ra àwọn ọmọ Áfíríkà ní Kúbà, wọ́n ń kó wọn wọ Texas ní bòókẹ́lẹ́, wọ́n sì ń gbé wọn lọ sí àwọn oko tó wà nísàlẹ̀ odò Brazos kan náà yìí. Àsìkò yẹn náà ni Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí ogun ń kó àwọn èèyàn wa lọ sí etíkun, tí ọkọ̀ sì ń já wọn sí Kúbà, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Lukumí. Tí ẹnì kan bá ti sọ fún mi pé ilẹ̀ yìí kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú wa, ohun tó máa ń wá sọ́kàn mi nìyẹn.

Ọjọ́ 19 oṣù kẹfà 1865 ni àwọn ológun ìjọba àpapọ̀ kéde òmìnira ní Galveston. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, Fort Bend dìbò yan Walter Moses Burton, ọkùnrin tó ti jẹ́ ẹrú rí, láti di ṣẹ́rífù, ìyẹn ọ̀gá ọlọ́pàá káńtì náà. Ó wà lára àwọn aláwọ̀ dúdú tó kọ́kọ́ dé ipò náà ní gbogbo Amẹ́ríkà, ó sì tún di sẹ́nétọ̀ ní Texas lẹ́yìn náà. Ìbò àwọn dúdú ló ń gbé ìjọba káńtì náà kalẹ̀ fún nǹkan bí ogún ọdún. Ìgbà tó yá, àwọn aláwọ̀ funfun tí wọ́n ń pe ara wọn ní Jaybird gbógun ti àwọn Woodpecker tí ìbò yẹn gbé dórí oyè, ìbọn dún ní ìgboro Richmond, olú-ìlú káńtì náà, ní 1889, àwọn Jaybird sì gba ìjọba. Ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ń ṣe ìdìbò abẹ́lé tirẹ̀ fún aláwọ̀ funfun nìkan, ẹni tó bá sì wọlé níbẹ̀ ti wọlé nìyẹn. Ọdún 1953 ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ tó fòpin sí i, nínú ẹjọ́ Terry v. Adams. Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo ti tọ́jú àwọn àgbàlagbà dúdú tí wọ́n bí sí Fort Bend, tí wọ́n ti tó ìbò dì kí ẹjọ́ yẹn tó parí. Ìtàn yìí kò jìnnà rárá.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Òfin tó pa oko ẹrú rẹ́ fi àyè kan sílẹ̀: wọ́n ṣì lè fi tipátipá mú ẹni tí ilé-ẹjọ́ bá dá lẹ́bi ṣiṣẹ́. Texas rí àyè yẹn, ó wọlé síbẹ̀. Ní 1878, Edward Cunningham àti L. A. Ellis, tí àwọn méjèèjì ti jagun fún apá Gúúsù, háyà gbogbo ẹlẹ́wọ̀n Texas lọ́wọ́ ìjọba. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ wọn sí oko ìrèké tó yí Sugar Land ká. Dúdú ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé olè kékeré ni wọ́n tìtorí rẹ̀ mú wọn. Inú ẹrẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ibà ń dá wọn dùbúlẹ̀, pàṣán ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ẹni tó fi owó ra ẹrú kì í fẹ́ kó kú mọ́ òun lọ́wọ́. Ẹni tó háyà ẹlẹ́wọ̀n ní tirẹ̀, bí ọ̀kan bá kú, á gba òmíràn.

Ní 1908 ìjọba Texas fúnra rẹ̀ ra ilẹ̀ síbẹ̀, ó sọ ọ́ di oko ẹ̀wọ̀n. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Central Unit tó kù lórí ilẹ̀ náà, 2011 ni wọ́n tó tì í pa. Àwọn ilé olówó ńlá ti wà nítòsí rẹ̀ nígbà yẹn, adágún omi ti wà níwájú wọn, àwọn ọmọdé sì ń gun kẹ̀kẹ́ kiri.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Reginald Moore, ó ti ṣe wọ́dà rí. Òun ló ń tọ́jú itẹ́ òkú kékeré kan tó kù nínú oko ẹ̀wọ̀n náà, ó sì ń sọ fún àwọn aláṣẹ pé òkú tó wà nínú ilẹ̀ yẹn pọ̀ ju èyí tójú ń rí lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń sọ ọ́. Nígbà tó di oṣù kejì 2018, Fort Bend ISD, àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé-ìwé ìjọba wa, ń kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ síbẹ̀, ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ ilẹ̀ sì hú egungun jáde. Òkú 95 ni wọ́n rí níkẹyìn. Obìnrin kan ṣoṣo ló wà nínú wọn. Àwọn onímọ̀ tó yẹ egungun náà wò ní ọjọ́ orí wọn bẹ̀rẹ̀ láti bí 14 títí dé bí 70. Ibùdó ẹlẹ́wọ̀n Bullhead ni wọ́n ti lo ayé wọn tán. Oṣù kọkànlá 2019 ni wọ́n tún wọn sin síbẹ̀, Moore sì papòdà ní 2020. Ó dùn mí pé kò pẹ́ láyé lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ.

Àbíkẹ́yìn wa wà nílé-ìwé gírámà nígbà tí ìròyìn náà jáde. Mo mú un lọ síbẹ̀, a dúró létí ọgbà irin tí wọ́n fi yí i ká. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá dé, ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ kí ẹ tó mú wọn lọ wo bọ́ọ̀lù. Ọmọ wa tó bá ń dàgbà ní Sugar Land gbọ́dọ̀ mọ àwọn tó ro ilẹ̀ náà.

Ìtàn iléeṣẹ́ ṣúgà fúnra rẹ̀, màá sáré sọ ọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Isaac Kempner ará Galveston àti William Eldridge ra oko àti ẹ̀rọ, wọ́n dá Imperial sílẹ̀, wọ́n sì tún ìlú náà tò. Iléeṣẹ́ ló ni ilé tí òṣìṣẹ́ ń gbé, òun ló ni ṣọ́ọ̀bù tó ti ń rajà. Ilé bíríkì gíga tí wọ́n ń pè ní Char House, tí wọ́n kọ́ ní 1925, ṣì dúró lẹ́bàá ojú irin àti ọ̀nà 90A. Ẹ ò lè ṣàì rí i. Ní 1959 ni Sugar Land tó di ìlú tó ní ìjọba tirẹ̀. Wọn kì í sè ṣúgà níbẹ̀ mọ́ báyìí.

Ohun tó wá sọ ọ́ di ibi tí ẹ ń gbọ́ lónìí ni ọ̀nà márosẹ̀ 59 láti Houston àti àwọn tó ń dá ẹ̀sítéètì sílẹ̀. Sugar Creek bẹ̀rẹ̀ ní 1968, First Colony tẹ̀ lé e ní 1977 lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún éékà tó ti jẹ́ oko tẹ́lẹ̀. Ní 1970, èèyàn 3,318 ló ń gbé Sugar Land. Ní 1990, wọ́n ti di 24,529. Ní 2000, 63,328. Ìkànìyàn 2020 kà wọ́n sí 111,026. Ẹ má rò pé gbogbo wọn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé o. Ìlú náà máa ń gba àwọn ẹ̀sítéètì ìtòsí mọ́ra: ní oṣù kejìlá 2017 ó gba New Territory àti Greatwood lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn èèyàn ibẹ̀ sì di ará ìlú láìṣí kúrò nínú ilé wọn.

Àwọn wo lẹ máa bá níbẹ̀? Àwọn tí orírun wọn jẹ́ Éṣíà ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ: àwọn ará Íńdíà, Pakistan, Ṣáínà, Vietnam. Ère Hanuman kan wà nínú tẹ́ńpìlì àwọn Híńdù tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 90, ọdún 2024 ni wọ́n ṣí i. Dúdú kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú Sugar Land gan-an. Missouri City tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni dúdú pọ̀ sí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ Yorùbá tí mo mọ̀ ra ilé sí. Àmọ́ ọ̀nà kò jìn láàárín wọn. Tí ẹ bá ń wá ẹ̀lùbọ́, ògìrì, ẹja gbígbẹ àti pọ̀nmọ́, ẹ ó wakọ̀ lọ sí Bissonnet ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Houston. Ẹ ò ní wá ìjọ tì, ìbáà jẹ́ onígbàgbọ́ ni yín tàbí mùsùlùmí, òpin ọ̀sẹ̀ kan kì í sì í lọ láìjẹ́ pé ẹnì kan pín aṣọ ẹbí. Bí àwọn òbí ará Éṣíà ṣe ń tẹra mọ́ ẹ̀kọ́ ọmọ níbẹ̀ bá ìwà tiwa mu pátápátá, òun náà ló sì fà á tí ilé-ìwé fi dára. Ṣùgbọ́n ẹ máa ṣọ́ àwọn ọmọ yín. Ìdíje ibẹ̀ le débi pé ọmọ tó ń gba máàkì tó dára lè máa rò pé òun ya òmùgọ̀. Ọ̀kan nínú tèmi sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, ó sì pẹ́ kí ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀.

Ó kan ọ̀rọ̀ owó. Ohun àkọ́kọ́: ilé tí wọ́n kọ Sugar Land sí àdírẹ́sì rẹ̀ lè má sí nínú Sugar Land. Ààlà nọ́ńbà ZIP tí ilé ìfìwéránṣẹ́ ń lò kò bá ààlà ìjọba ìlú mu. Ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, torí òun ló ń sọ bóyá ọlọ́pàá ìlú tàbí ti ṣẹ́rífù ló máa dá yín lóhùn, àti irú owó orí tí ẹ máa san.

Ìkejì ni MUD. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pápá oko di ẹ̀sítéètì kò ní bá páìpù omi níbẹ̀, kò sì ní bá gọ́tà. Òfin Texas fàyè sílẹ̀ kí wọ́n dá agbègbè kan tó ń jẹ́ MUD sílẹ̀, kí ó fi bọ́ńdì yáwó ṣe gbogbo rẹ̀, kí àwọn tó bá ra ilé síbẹ̀ sì máa fi owó orí ọdọọdún san gbèsè náà. Ẹ̀sítéètì tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló máa ń ní owó MUD tó wọni lára jù. Èyí tó ti pẹ́, gbèsè rẹ̀ ti ń lọ sópin. Ibi tó bá wà lẹ́yìn òkìtì odò tún ní agbègbè mìíràn tó ń jẹ́ LID, òun ló ń gbowó láti tọ́jú òkìtì àti àwọn ẹ̀rọ tó ń fa omi síta. Ilé méjì lè jẹ́ iye kan náà lójú ọ̀nà kan náà, kí owó tí báǹkì máa gbà lóṣooṣù sì yàtọ̀ gan-an nítorí èyí nìkan. Òfin ní kí ẹni tó ń tàlé fún yín ní ìwé tó ṣàlàyé MUD náà. Ẹ gbà á, ẹ kà á nílé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n yára ṣí i níwájú yín lọ́jọ́ tí ẹ ń fọwọ́ síwèé.

Texas kì í gba owó orí lórí owó oṣù, gbogbo èèyàn ló máa ń fi ìyẹn tan ara wọn wá. Orí ilé ni wọ́n ti ń gbà á. Bí ẹ bá ti kó wọlé, ẹ kọ̀wé béèrè homestead, ìyẹn ẹ̀dínkù owó orí fún ẹni tó ń gbé inú ilé ara rẹ̀, lọ́dọ̀ àjọ tó ń díye lé ilé ní káńtì. Ọ̀fẹ́ ni. Ó máa ń yọ iye kan kúrò lára iye ilé kí wọ́n tó bu owó orí ilé-ìwé lé e (ní 2023 wọ́n gbé e láti 40,000 dọ́là sí 100,000, ní 2025 wọ́n tún gbé e sí 140,000), kì í sì í jẹ́ kí iye tí wọ́n ń bu owó orí lé fò ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́dún kan. Ẹnì kan tí mo mọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé àwọn tó bá a ṣe ìwé ilé rẹ̀ pé wọ́n ti bá a ṣe é. Wọn kò ṣe é, ó sì san àsanjù.

Tí ìwé iye ilé bá dé ní nǹkan bí oṣù kẹrin, ẹ lọ jiyàn. Ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ni gbèdéke rẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Èmi àti ọkọ mi máa ń lọ fúnra wa. Ní Texas, iye tí ilé tà kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbé síta fún gbogbo ayé, nítorí náà ẹ bẹ ẹ́jẹ́ǹtì yín kó fún yín ní iye tí àwọn ilé àdúgbò tà. Ẹ ya fọ́tò ògiri tó sán àti òrùlé tó ti gbó. Amọ̀ ilẹ̀ Fort Bend máa ń wú lójò, ó máa ń súnkì lẹ́ẹ̀rùn, ìpìlẹ̀ ilé a sì máa sán. Ẹ fi hàn wọ́n. Ìgbìmọ̀ náà kì í tẹ́tí sí ẹkún, ẹ̀rí ni wọ́n ń wò.

HOA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn onílé ẹ̀sítéètì: àwọn ló máa sọ àwọ̀ ọ̀dà tí ẹ lè kùn, bí koríko yín ṣe gbọ́dọ̀ ga tó, àti ìgbà tí agolo ìdọ̀tí lè wà níta. Mo ti gba lẹ́tà nítorí mo gbin ewédú àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ síwájú ilé. Ẹ̀yìnkùlé ni mo kó wọn lọ, wọ́n sì ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Ẹ má fojú kékeré wo owó ọdọọdún wọn o, torí bí ẹ kò bá san án, òfin fún wọn lágbára láti gbé ilé tà.

Mo fi omi sẹ́yìn nítorí òun ló lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ìjì Harvey wọ Texas ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ 2017. Òjò rọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, odò Brazos sì ga ju ẹsẹ̀ bàtà 55 lọ ní Richmond, kò ga tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìjọba pàṣẹ kí àwọn tó wà lẹ́yìn òkìtì jáde. A kó ìwé ìrìnnà, oògùn, aṣọ àwọn ọmọ àti àwòrán bàbá mi, a lọ. Àwọn òkìtì náà dúró, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí wọn kì í sọ fún ẹni tó ń ra ilé nìyí: òkìtì tó dí odò mọ́ ìta ń dí òjò mọ́ inú náà. Bí odò bá ga, ọ̀nà tí gọ́tà ń gbà dà sínú rẹ̀ á tì pa, ẹ̀rọ nìkan ló lè fa omi òjò jáde, bí òjò bá sì ju agbára ẹ̀rọ lọ, inú ilé lomi máa wá. Ọ̀pọ̀ ilé tí omi wọ̀ lẹ́yìn òkìtì lọ́dún yẹn, omi òjò ló wọ̀ wọ́n, odò kò dé ibẹ̀. Omi kò wọ ilé tiwa. Ó wọ ti ọ̀rẹ́ wa kan dé orúnkún. Ẹni tó ta ìnṣọ́ránsì fún un ti sọ pé kò nílò ti omi torí máàpù ìjọba kò fi àdúgbò rẹ̀ sí ibi eléwu. Ìnṣọ́ránsì ilé lásán kì í sanwó omíyalé. Ẹ ra ti omi lọ́tọ̀, ẹ sì rà á ní kíá, torí èyí tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ sábà máa ń gba ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ ò lè dúró di ìgbà tí wọ́n bá kéde ìjì.

Ohun kan ṣẹ́ kù, fún ẹ̀yin tí ẹ sọ pé ìyá yín ń bọ̀ wá bá yín gbé. Bọ́ọ̀sì METRO ti Houston kì í ṣiṣẹ́ fún Sugar Land. Káńtì ní bọ́ọ̀sì tó ń kó òṣìṣẹ́ lọ sí Texas Medical Center láàárọ̀, ó dára, mo ti wọ̀ ọ́, àmọ́ kò lè gbé ìyá àgbà lọ sọ́jà. Ìyá tèmi wá láti Ìbàdàn, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà láti òwúrọ̀, ó ní, “Ṣé ìlú yìí ò lólùgbé ni?” Kò rí ẹni kí. Ohun tó gbà á sílẹ̀ ni pé a wá àwọn ìyá mìíràn tó wá kí ọmọ, a ń gbé wọn jọ síbì kan lọ́sàn-án, ilé tiwa lónìí, ilé ẹlòmíràn lọ́la. Ẹ ṣètò ìyẹn kí ìyá tó dé.

Tí ẹ bá fẹ́ wá wo ilé, ẹ wá lọ́jọ́ tí òjò ńlá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, kí ẹ wa mọ́tò yí àdúgbò náà ká, kí ẹ wo ibi tí omi dúró sí. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀sítéètì tí ẹ ń gbèrò síbí. Màá bá yín wo MUD àti LID tó ni ín, àti ibi tí òkìtì rẹ̀ gbà.